Omi Korobá Yẹn Ló Ń Ba Èso Yín Jẹ́
Ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ta èso l'Ékòó àti àwọn tó ń rà á lọ sílé

Tí òjò bá ti ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹjọ́ kan náà la máa ń gbọ́ láti Mile 12 àti Kétu, títí dé Òyìngbò àti Òkè-Àrín: mángòrò tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ láìlábàwọ́n ti ní ojú dúdú lọ́jọ́ kejì, ọsàn ti bu, ìbẹ́pẹ ti ń ṣomi. Àwọn ọlọ́jà á ní awakọ̀ ló pẹ́ lọ́nà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo korobá tó wà lábẹ́ àtẹ.

Omi tí wọ́n pọn láàárọ̀ ni wọ́n ṣì fi ń fọ èso nírọ̀lẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fọ èyí tó ti ń rà, ibẹ̀ ni àkísà ń sùn, òun náà ni wọ́n ń bù wọ́n orí àtẹ kí èso lè máa dán. Ohun tó ń ba èso jẹ́ yìí, fúngọ́ọ̀sì ni, ìbátan olú tí à ń sè jẹ. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí ẹ ń rí lára ọsàn tó bu, irúgbìn rẹ̀ ni, kò sì níye. Ẹ fọ ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ sínú omi, ẹ ti gbìn ín sára gbogbo èyí tó kù nìyẹn.

Fúngọ́ọ̀sì ti ọsàn, ìyẹn Penicillium, ojú egbò ló ń gbà wọlé. Ti mángòrò àti ìbẹ́pẹ, Colletotrichum, ti wọ ara èso láti oko, á sùn síbẹ̀ títí èso á fi pọ́n. Èyí tó burú jù ni Rhizopus, onírun funfun tó ń dúdú lórí: kí èso méjì ṣáà ti fara kanra, ó ti ràn.

Ẹ ṣa èso kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Èyí tó ti rà kò gbọdọ̀ kan omi rárá. Ọsàn ò tiẹ̀ nílò fífọ̀. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ tó o. Fún mángòrò àti ìbẹ́pẹ, ẹ bu omi mímọ́ lítà 10, kí ẹ da bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára sí i, mililítà 60, ìyẹn ṣíbí ìjẹun 4. Èyí tó ní òórùn dídùn kọ́ o. Ẹ ki èso bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Apẹ̀rẹ̀ 2 péré ni omi kan wà fún. Tó bá dọ̀tí ṣáájú ìyẹn, ẹ dà á nù. Ẹ má po ọṣẹ tàbí fínígà mọ́ ọn.

A mọ̀ pé owó là ń fún mẹ́rúwà. Ẹ ṣírò mángòrò tí ẹ dà nù lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ fi wé owó omi.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ tẹ́ èso síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó gbẹ kí ẹ tó tò ó. Títò ó ní tútù kò yàtọ̀ sí pé ẹ ò fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó mọ́jú. Ẹ má wọ́n omi sí i mọ́, bó ti wù kí oníbàárà fẹ́ èyí tó ń dán tó. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo náà ń kó àrùn: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn.

Ẹni tó bá ní tẹ̀mómítà lè ki mángòrò bọ omi gbígbóná 52°C fún ìṣẹ́jú 5. Ó ń pa fúngọ́ọ̀sì tó ti sùn sára èso láti oko. Ẹni tí kò bá ní in, kó má fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Nílé, èso rírọ̀ tó bá ti bu, ẹ má gé ojú ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù, ẹ má sì lọ̀ ọ́ ṣe júùsì fọ́mọ. Májèlé lè ti wọnú ju ibi tí ojú rí lọ, sísè kì í sì í sábà pa á. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa, kí ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ náà.