Pẹ́dàlì Gìtá Tẹ́ ẹ Fọwọ́ Ara Yín Tò Ò Dún: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín to pẹ́dàlì (àpótí kékeré tí gìtá ń gbà kọjá lọ sí áńpù, tó ń yí ohùn ẹ̀ padà), ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ti ń sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan ò ní kàn sí mi pé "ẹ̀gbọ́n, mo ti tò ó tán, kò dún rárá", tí mo bá wá bi í pé kí ló ti ṣe sí i, á ní òun ti lọ Alaba lọ ra áísì (IC, ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn) tuntun, òun ti pààrọ̀ tìràǹsítọ̀, òun tún ti ra súìṣì míì. Míta tá a fi ń wọn iná ńkọ́? Kò ní. Owó tó ti ná sórí nǹkan tí ò bàjẹ́ á ti ra míta. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń jó léèdì (òjé tá a fi ń lẹ wáyà) níbí, ẹ ti mọ ìyẹn (àwọn kan ò mọ̀ ọ́n o, mo ti rí léèdì tó ṣù bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹsítọ̀, tẹ́ ẹ bá mì í báyìí, á já).

1. Ẹ kì í tẹ súìṣì wò. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣé gìtá ń dún nígbà tí pẹ́dàlì wà ní pípa? Tí kò bá dún ní bypass (ìyẹn nígbà tó wà ní pípa) gan-an, ọwọ́ bọ́ọ̀dù yín mọ́, torí gìtá ò tiẹ̀ gba inú bọ́ọ̀dù kọjá nígbà yẹn: jáàkì ni, súìṣì ni, àbí wáyà. Tó bá dún ní bypass tó wá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ tàn án, ìgbà yẹn la tó ń wo bọ́ọ̀dù. Súìṣì 3PDT ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn náà, tẹ́ ẹ bá gbé e dábùú kẹ́ ẹ tó jó wáyà mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ ló máa dàrú, tẹ́ ẹ bá sì fi iná sun ún pẹ́ jù, ike inú ẹ̀ á yọ́.

2. Jáàkì tí gìtá ń wọ̀. Nínú pẹ́dàlì oníbátìrì, jáàkì sítẹ́rẹ́ò la sábà máa ń fi síbẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ò ní kan gíráàǹdì (ibi òdo tá a ti ń ka iná) àfi tẹ́ ẹ bá ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́. Ẹnì kan á ti míta bọ bọ́ọ̀dù láì ki wáyà kankan, á rí 0V, á ní bátìrì ti kú, ló bá tún lọ ra bátìrì.

3. Àdáptà kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ síbi tí wọ́n fi sí! 9V tí nẹ́gẹ́tíìfù ẹ̀ wà láàárín ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń lò, ọ̀pọ̀ àdáptà kíbọ́ọ̀dù jẹ́ 12V, ti Yamaha sì máa ń ní pósítíìfù láàárín. Díódù 1N4001 tẹ́ ẹ fi dáàbò bo bọ́ọ̀dù á ru ìyà yẹn títí á fi jóná di wáyà lásán, iná á wá máa gba ibẹ̀ lọ sí gíráàǹdì tààrà, ẹ̀yin ṣì ń wá áísì kiri ọjà.

4. 2N3904 àti BC547. Tìràǹsítọ̀ dúdú làwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ojú kan pẹlẹbẹ. Ẹ kọ ojú pẹlẹbẹ yẹn sí ara yín kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀: ti 2N3904 láti òsì lọ sọ́tùn-ún ni emitter, base, collector, ti BC547 wá jẹ́ collector, base, emitter. Ọlọ́jà á ní "ìkan náà ni", kò parọ́, ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ èkejì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yí i lẹ́yìn padà.

Ìkarùn-ún rèé, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú: kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ áísì láì wọn nǹkan kan. Áísì kì í kú bẹ́ẹ̀ yẹn jàre! Ọmọkùnrin kan gbé overdrive (pẹ́dàlì tó ń mú ohùn gìtá ha) kan wá bá mi, áísì 4558 ló wà níbẹ̀, ó ti yọ ọ́ ó ti tún un jó títí ìlà bàbà orí bọ́ọ̀dù fi ká kúrò, kò sì lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tá a máa ń ki áísì bọ̀. Mo ní kó jókòó. A ki míta sí i: ẹsẹ̀ 8 ní nǹkan bíi 9V, ẹsẹ̀ 4 ní òdo, ẹsẹ̀ 1 àti 7 ní bíi 4.5V. Ó ti tán, áísì yẹn ń mí dáadáa. Ló bá tọ́ka sí base tìràǹsítọ̀ àkọ́kọ́ pé bíi 3V péré ló wà níbẹ̀ nígbà tó yẹ kó jẹ́ 4.5V, ó ní ẹ ò rí i, tìràǹsítọ̀ ti kú. Rárá o. Rẹsítọ̀ 510k ló ń gbé iná débẹ̀, ìdènà inú míta aláwọ̀ yẹ́lò olówó pọ́ọ́kú yẹn sì jẹ́ 1M, òun fúnra ẹ̀ ló ń fa iná ibẹ̀ wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ míta, iná á gòkè padà.

Mo wá mú wáyà kan tí mo gé ẹnu ẹ̀, orí kan wọ áńpù, gíráàǹdì ẹ̀ mo fi há gíráàǹdì bọ́ọ̀dù, wáyà àárín mo jó kàpásítọ̀ 100nF mọ́ ọn, ẹsẹ̀ kejì kàpásítọ̀ yẹn ni mo fi ń tọ bọ́ọ̀dù káàkiri. Fóònù ni mo fi kọ orin wọ jáàkì àkọ́kọ́, kí ọwọ́ mi lè ráyè (ìyẹn tún gbà yín lọ́wọ́ gìtá tí mò ń ta, tí ò jẹ́ kí báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì kankan pè mí). Ohùn wà ní ẹsẹ̀ 1, ó wà ní ẹsẹ̀ 7, ó kọjá ibi tone (kọ́ńbù tó ń yí bí ohùn ṣe mú sí), ó dé ẹsẹ̀ 3 fólúùmù, ó wà ní ẹsẹ̀ àárín náà. Wáyà tó ń lọ síta ńkọ́? Kẹ́. Ẹsẹ̀ 1 fólúùmù ló jó o mọ́, ìyẹn gíráàǹdì, dípò àárín. Wáyà kan ṣoṣo! Bàbà tó ti ká kúrò lórí bọ́ọ̀dù yẹn la wá fi ọjọ́ náà tún ṣe.

Ẹ rọra fa fólúùmù áńpù wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa fi nǹkan yẹn tọ bọ́ọ̀dù o, ẹ má sì gbé e dé inú áńpù oní-tube láéláé, iná ibẹ̀ lè ju 300V lọ, ó ń pààyàn.

Àwọn tó kù: Veroboard (bọ́ọ̀dù oní-ìlà bàbà) tẹ́ ẹ ò gé ìlà ẹ̀ lábẹ́ áísì. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù tó ń kan páànù àpótí, ẹ fi páálí sáàárín. Ẹnu jáàkì tó ń kan ara àpótí nígbà tẹ́ ẹ bá ki wáyà bọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń dún lórí tábìlì tó wá dákẹ́ nínú àpótí. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo àwòrán pẹ́dàlì Fuzz Face àtijọ́, èyí tí Arbiter gbé jáde ní London lọ́dún 1966: tìràǹsítọ̀ germanium PNP ló wà nínú ẹ̀, pósítíìfù ni gíráàǹdì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi NPN (irú tìràǹsítọ̀ tí iná ẹ̀ yí padà sí ti PNP) síbẹ̀ láì yí bátìrì àti kàpásítọ̀ padà, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí n bá yín wo tiyín, ẹ kọ fóltì ẹsẹ̀ áísì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ ya ojú bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn ẹ̀ ní fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀, gíláàsì méjì ni mò ń wọ̀ léra kí n tó rí àwọ̀ rẹsítọ̀.