Bí mo ṣe ṣírò ṣéènì tó ń já lára ẹ̀rọ gààrí

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ṣéènì ẹ̀rọ tí màmá kan fi ń yan gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó já láàárín oṣù méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, apá irin tó ń ro gààrí dúró, iná abẹ́ agbada ò dúró, gbogbo gààrí náà sì jóná. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà fún wọn.

"Ọmọ mi, àbí ayédèrú ṣéènì ni wọ́n ń tà fún wa ni?"

Èmi náà ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó ra òmíràn, mo mú bírò.

Mọ́tò iná rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 2.2, ìyẹn hópáwà 3. Gíábọ́ọ̀sì dín ìyípo rẹ̀ kù sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Wíìlì ẹnu gíábọ́ọ̀sì ní eyín 17, ṣéènì nọ́ńbà 50 ló wà lórí ẹ̀, ojú kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 15.875. Bí wíìlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì rìn mìlímítà 270. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá ló ń yí, nítorí náà mítà 0.27 ni ṣéènì ń rìn. Mo pín wáàtì 2,200 sí 0.27, kí n mọ bí ìfà orí ṣéènì ṣe tó: Newton 8,150 (Newton la fi ń wọn ìfà). Bí ẹni gbé ẹrù 830 kílò kọ́ ọ lọ́rùn ni! Gààrí a sì máa dì, ìfà rẹ̀ kì í dọ́gba, mo bá sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4: ó lé ní 11,400. Bẹ́ẹ̀ Newton bíi 21,800 ti tó láti já ṣéènì 50. Kò tó ìlọ́po méjì, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po méje ni mo máa ń fẹ́, ó kéré tán.

Bó ṣe ń rọra lọ ló tàn mí. Agbára kan náà ni: bí ìrìn bá dín, ìfà á pọ̀. Ká ní ara mọ́tò gan-an, níbi tó ti ń yí 1,440 ní ìṣẹ́jú kan, ni ṣéènì yìí wà, Newton 340 péré ni ì bá máa fà.

Mo bọ́ sórí ṣéènì nọ́ńbà 80, tí ojú kan sí èkejì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25.4, wíìlì eyín 17 náà. Ìfà di 5,100, pẹ̀lú 1.4, 7,140. Newton 55,600 ló ń já òun, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Wíìlì méjèèjì ni mo pààrọ̀, torí eyín wíìlì nọ́ńbà 50 ò lè gba ṣéènì nọ́ńbà 80.

Màmá ní kí n fà á le dáadáa. Mo ní, "Rárá, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́líìtì." Bí a bá fà á le jù, ìfà yẹn á gun orí ti iṣẹ́, á sì jẹ bíárìn. Mìlímítà 600 ló wà láàárín ọ̀pá méjèèjì, mo jẹ́ kí àárín ṣéènì rọ̀ ní mìlímítà 12. Mo ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, kì í ṣe gíríìsì tí kò ní wọnú ojú rẹ̀, mo sì dé e kí ọ́ìlì má bàa kan gààrí.

Ojú 12 rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 304.8 ní tuntun. Bó bá ti gùn dé 314, ó ti tó pààrọ̀. Mo fi ọ̀dà kọ 314 sára ìdérí. Ọmọ màmá tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n lójú mi: ó dín díẹ̀ ní 305.