Bí ẹṣin mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìrora pátákò nígbà ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an ní Ìlọrin, mo ṣàkíyèsí pé abo ẹṣin kékeré tí mo ń sìn kò fẹ́ rìn mọ́: ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó gbé ìwúwo ara rẹ̀ sẹ́yìn, pátákò rẹ̀ sì gbóná. Mo rò pé òtútù ni, mo da kúbùsù méjì bò ó, mo sì fi kún ọkà bàbà rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè móoru. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Dókítà ẹranko ṣàlàyé pé ẹran ara tó so egungun ẹsẹ̀ mọ́ pátákò ló ń wú, àti pé oúnjẹ oníhóró àti ọ̀rá àpọ̀jù, irú èyí tí àwa máa ń yìn lára ẹṣin tí a ń gùn nígbà ayẹyẹ Iléyá, wà lára ohun tó sábà máa ń fà á; òtútù kàn lè dá kún ìrora náà ni.

Ó fún un ní oògùn ìrora, mo sì dá ọkà dúró pátápátá. Koríko gbígbẹ ni ó ń jẹ, èyí tí mo ń rẹ sínú omi fún wákàtí 1 kí ṣúgà inú rẹ̀ lè dín kù, tí mo sì ń da omi náà nù. Mo tẹ́ koríko tó nípọn sílẹ̀ fún un. Kúbùsù kan péré ni mo ń dà bò ó lálẹ́, mo sì ń ká a kúrò kí oòrùn tó mú, nítorí ọ̀sán ọyẹ́ níbí kì í ṣeré, ẹṣin tó bá sì làágùn lábẹ́ kúbùsù yóò tutù ju èyí tí a kò da nǹkan bò lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ó ń rìn dáadáa. N kò tíì gùn ún.