Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, ẹ yé fi owó ọ̀kadà ṣòfò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Àkúrẹ́, ohùn mi sì ti há. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ọ̀fun mi á sinmi.

1. Ẹ má fi káàdì sílé. "Mo mọ̀ ọ́n sórí" kì í ṣe káàdì.

2. Ẹ má fi òróró tàbí àgbo pa ojú abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tó wà ní apá òsì. Á wú, á dá egbò kékeré, á sì jinná fúnra rẹ̀.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Àwọn tó ń kiri ojúlé á kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n á fi yíǹkì kun ọmọńdinrín rẹ̀, ìyá á ní ó parí. Ìyá kan láti Òkè-Àró na ìka ọmọ sí mi lójú: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò rí i ni?" Mo rí i, màmá. Rọpárọsẹ̀ nìkan ni yíǹkì yẹn mọ̀. Èéyí ńkọ́? Ipá ńkọ́? Ọmọ oṣù 11 ni o! Kò gba ti ọ̀sẹ̀ 6, kò gba ti 10, kò gba ti 14, ti oṣù 9 náà ti kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, kẹ́míìsì ló sì ń kówó fún ní gbogbo ìgbà tára ọmọ bá gbóná. A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pípẹ́ sàn ju àìgbà rárá lọ. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pariwo.

Ọ̀fìnkìn díẹ̀ kò ní kẹ́ ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ẹ wá lọ́jọ́ tí a dá fún yín. Lẹ́búlẹ́bú ni abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, omi la fi ń pò ó. Ìgò kan lè tó ọmọ 20, wákàtí 6 péré ló sì ní lẹ́yìn tá a bá pò ó, ìyókù di dídànù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kó ọmọ jọ. Ẹni tó dá wá lọ́jọ́ tó wù ú, tá a wá ní kó padà, á ní a ò láàánú.

Kí n má purọ́, èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Nígbà tọ́mọ mi kejì pé ọdún méjì, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ bi mí bóyá ó ti gba èéyí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti oṣù 15. Mo ní ó ti gbà á. Ó ní káàdì dà?

Mo ní mo mọ̀ ọ́n sórí.