Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Àwọn Tó Dákẹ́ Nínú Ẹgbẹ́ Orí Ayélujára Yín Máa Dá sí Ọ̀rọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ kékeré kan lórí WhatsApp, Telegram tàbí Discord yóò ti rí i pé àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn yòókù kàn ń kà á, tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ní ọdún 2006, Jakob Nielsen, tó gbajúmọ̀ nínú ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ pé nínú 100 ènìyàn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ orí ayélujára, 90 ni kì í sọ ohunkóhun, 9 a máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo tó kù ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ ńlá lè gba irú èyí mọ́ra. Nínú ẹgbẹ́ ogójì ènìyàn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọwọ́ ẹni méjì péré nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ bá dí lọ́sẹ̀ kan, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mú un kúrò lọ́kàn pé ọ̀lẹ tàbí agbéraga ni àwọn adákẹ́. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Jenny Preece, Blair Nonnecke àti Dorine Andrews, bi àwọn adákẹ́ léèrè fúnra wọn, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2004. Ìdí márùn-ún ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn: àwọn kan kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti sọ̀rọ̀, nítorí pé kíkà nìkan ti tó wọn; àwọn kan ṣì fẹ́ mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n wọ̀; àwọn kan gbà pé dídákẹ́ àwọn gan-an ni ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ń ṣe; àwọn kan kò mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà; àwọn kan kò sì fẹ́ràn ìṣesí ẹgbẹ́ náà. Ìdí kẹta yìí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tí ẹ rò pé kò bìkítà ti lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kó rí i pé ẹlòmíràn ti sọ ohun tó jọ ọ́, kó sì pa á rẹ́ kó má baà dí yín lọ́wọ́. Èmi á fi ìbẹ̀rù kún un: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, èyí tí a sì kọ sílẹ̀ lójú ogójì ènìyàn tí a kò rí rí tún le jù, nítorí pé wọ́n lè padà wá kà á lọ́la.

Nítorí náà, ẹ má ṣe halẹ̀ mọ́ wọn. Ìkìlọ̀ pé a ó yọ gbogbo ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí lè mú ogún “mo wà níbí o” jáde láàárín wákàtí kan, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á tún dákẹ́. Èmi fúnra mi ti ṣe èyí tó burú ju ìyẹn lọ: mo to orúkọ àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ síta lójú gbogbo ẹgbẹ́, mo rò pé àwàdà ni, mẹ́ta nínú wọn sì ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kéré débi pé kò ní ná ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ ní nǹkan kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Jean Lave àti Etienne Wenger, ń ṣàlàyé ní ọdún 1991 bí ẹni tuntun ṣe ń di ara ẹgbẹ́, wọ́n mẹ́nu kan àwọn télọ̀ ẹ̀yà Vai àti Gola ní Làìbéríà: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gé aṣọ, bọ́tìnnì ló ń rán, etí aṣọ ló ń ká, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ ṣe é túnṣe. Ẹ wá bọ́tìnnì fún àwọn adákẹ́ yín. Ìbò tí ènìyàn kàn máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ọ̀kan. Ìbéèrè tí nọ́ńbà tàbí àwòrán kan lè dáhùn jẹ́ òmíràn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ fọ́tò yíyà, “Kí ni èrò yín nípa ìmọ́lẹ̀?” yóò kú síbẹ̀, nítorí pé ó jọ ìdánwò, ṣùgbọ́n “Nínú fọ́tò méjì yìí, èwo lẹ máa gbé kọ́ ara ògiri?” kò ní ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni lè pè ní àṣìṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá ẹnì kan ṣoṣo níkọ̀kọ̀. Ìbéèrè tí a jù sáàárín ogójì ènìyàn, olúkúlùkù á máa wojú ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn olùwádìí tó lo MovieLens, ìkànnì kan níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi máàkì sí fíìmù, rí i ní ọdún 2004 pé àwọn tí a rán létí pé ohun tí wọ́n lè mú wá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn fi máàkì sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ lè kọ báyìí: “Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ sọ nígbà tí ẹ wọlé pé fọ́tò òru lẹ fẹ́ràn. Ẹnì kan béèrè lónìí nípa bí a ṣe ń ya òṣùpá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan sí i.” Kí ohun tí ẹ sọ jẹ́ òótọ́, kí ẹni náà sì lè kọ̀ láìtijú. Ẹni méjì lọ́sẹ̀ ti tó.

Ìgbà tí adákẹ́ bá sọ̀rọ̀ tán ni ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń ṣìṣe. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fèsì, kò ní tún dán an wò mọ́. Ẹ fèsì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ mú ohun kan pàtó nínú ohun tó sọ, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mìíràn lórí rẹ̀. “Ẹ ṣeun” lásán, ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ má pariwo pé ẹ wo ẹni tó sọ̀rọ̀ lónìí. Bó bá sì ṣì í sọ, ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ní sùúrù fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn, nítorí pé alábòójútó tó ń dáhùn ohun gbogbo lójú ẹsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu.

Àwọn kan kò ní sọ̀rọ̀ láé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa kà á. Ní ìparí oṣù, ẹ má ka iye ọ̀rọ̀ tí a sọ, nítorí pé ẹni méjì tí ń jiyàn lè sọ igba. Iye ènìyàn tó sọ̀rọ̀ ni kí ẹ kà. Bó bá kúrò ní márùn-ún tó di mẹ́jọ, ẹ wo ìbéèrè tó mú àwọn mẹ́ta náà jáde, kí ẹ sì béèrè irú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.