Nígbà Tí Máòsì Kọṣẹ́ Sílẹ̀

Ìjìgbò, ní Adó-Èkìtì, ni mo ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló sì wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ próòjẹ́ẹ̀tì ti kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, máòsì kọṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti wọ bàtà, ó fẹ́ lọ ra òmíràn ní Ọjà Ọba. Mo ní, “Jókòó jàre.” Mo tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fèrèsé dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Terminal ṣí.

Kì í ṣe idán. Ẹ ó kọ àṣẹ síbẹ̀, ẹ ó tẹ Enter, ẹ̀rọ á fèsì. Àlàfo tẹ́ ẹ bá rí láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má fò ó. Àṣẹ tí sudo bá ṣíwájú ẹ̀, àṣẹ ọ̀gá nìyẹn. Ẹ̀rọ á béèrè páswọ́ọ̀dù. Lórí tèmi, béèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò ní rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbá kíbọ́ọ̀dù lójú nítorí èyí, ó rò pé òun náà ti kú. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán.

Orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wàhálà ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i pé ìwé òun ò jáde, ló bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ojú ìwé 80 ni iṣẹ́ ẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá jáde, 480 nìyẹn, ta ló máa sanwó bébà? Mo kọ:

lpstat -o

Ó to iṣẹ́ mẹ́fà tó ń dúró de ìtẹ̀ síwájú mi, Asare-41 títí dé Asare-46. (Asáré ni mo sọ ẹ̀rọ náà, mi ò kàn fàmì sí i nínú kọ̀ǹpútà.) Mo wá kọ:

cancel Asare-42 Asare-43 Asare-44 Asare-45 Asare-46

Àṣẹ cancel -a yá ju ìyẹn lọ, ó ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ á pa ti oníbàárà tó tò sẹ́yìn mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ìwé ò jáde. Mo kọ lpstat -p, ó fèsì pé Asare wà ní disabled. Iná ti ṣẹ́jú láàárọ̀, ẹ̀rọ kú lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀ǹpútà bá dá a dúró, ó sì ń retí kẹ́nì kan ní kó máa lọ:

sudo cupsenable Asare

Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wàrà-wàrà.

Bí ẹ̀rọ bá ń ráhùn pé ààyè ti tán, df -h á fi iye tó kù hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ du -sh * | sort -h. Èyí tó wúwo jù á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tèmi, Downloads ni, 61G (gígábáìtì 61): fídíò ìgbéyàwó tí oníbàárà ní kí n bá òun kó sí fílàṣì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa fáìlì rẹ́, rm -i ni kẹ́ ẹ lò, torí á kọ́kọ́ bi yín. Ohun tí rm bá pa, kò sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ti máa lọ tú u.

Tí ojú ẹ̀rọ bá dì gbagidi, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3, kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù yín. Àṣẹ pgrep -l soffice á sọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún LibreOffice, ètò tá a fi ń kọ ìwé. Ká ní 2315 ni, ẹ kọ kill 2315. Àṣẹ kill -9 náà wà, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn, torí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ráyè palẹ̀ mọ́. Ctrl, Alt àti F2 ló ń dá mi padà síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀.

Tí UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tíná bá lọ) bá sì ń ké, ẹ kọ sudo poweroff kí ẹ̀rọ lè kú. Ẹ ti tọ́jú iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ o, torí ìyẹn ò ní bi yín léèrè.