"Get" ń da akẹ́kọ̀ọ́ mi Lárúbáwá láàmú, kí ni ṣíṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn Lárúbáwá lóyìnbó, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí ṣáá. Mo ti kó o síbí o, ẹ yéé pè mí lóru.

Ìbéèrè: Kí ni "get" lédè Lárúbáwá?

Ìdáhùn: Kò sí. Ẹ má wá a mọ́.

Ìbéèrè: Ṣebí hasala ni díkíṣọ́nárì kọ?

Ìdáhùn: Fún "get a job" nìyẹn. "Get home", wasala ni. "I don't get it", fahima. Odidi gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn, ẹ yé kọ́ wọn ní get lásán.

Ìbéèrè: "Get tired" ńkọ́?

Ìdáhùn: Ta'iba, ó parí. Àwa náà ṣáà ń sọ pé ó rẹ̀ mí, get wo ló wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní "I got married from my neighbour."

Ìdáhùn: "Min" (ìyẹn "from") tó máa ń tẹ̀lé tazawwaja, ìyẹn ṣègbéyàwó, ló ń tì í. "To" ni.

Ìbéèrè: Ó ní "I cut my hair", báábà ló sì gé e.

Ìdáhùn: Háà, eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹnjiníà kan wà ní Kairo tí mo ń kọ́ lórí Zoom, ó ní "I repaired my car", mo ti ń yìn ín, mo ní kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn, ló bá ń wò mí bọ̀ọ̀, mẹkáníìkì ló tún un ṣe! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣàlàyé, "I got repaired my car" ló ṣì ń gbé wá. Àfi lọ́jọ́ tí ìyàwó mi pariwo láti kíṣìnì pé ṣé ẹ ti tún jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣe, mo ní mo ti tún un ṣe, èmi tí mi ò fọwọ́ kan sípánà! Èmi náà ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń sọ sallahtu sayyarati (mo tún mọ́tò mi ṣe) náà nìyẹn, òyìnbó ló fẹ́ mọ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Mo wá lo khallēt (mo mú kí) tí wọ́n ń sọ ní Íjíbítì: khallēt il-mikaniki yisallah arabiyyiti, ìyẹn mo mú kí mẹkáníìkì tún mọ́tò mi ṣe. Mo kọ "I got the mechanic to repair my car" sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ṣe rẹ́gí, "to" nìkan ló lé. Nígbà tíyẹn jókòó, mo yọ mẹkáníìkì kúrò, mo gbé mọ́tò sáyè ẹ̀: "I got my car repaired." Ó gbà á! Ọ̀sẹ̀ kejì ó ní "I got pulled my tooth", a tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi kì í ṣe ará Íjíbítì o.

Ìdáhùn: Ẹ bi í bó ṣe máa sọ ọ́ nílé wọn, ẹ má bi Google. Tẹ́yin ò bá sì gbọ́ Lárúbáwá rárá, ẹ wá ààfáà kan tó gbọ́ ọ kó jókòó tì yín.